Ẹ Má Kọ́kọ́ Wo Àwọ̀: Bí Mo Ṣe Ń Dá Ẹ̀pìyà Aràrá Mọ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mi l'Ádó-Èkìtì

Bí ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀rá jáde, ẹ má tíì pe orúkọ rẹ̀. Ẹja tó wà nínú ọ̀rá láti Èkó dé Adó, tí mọ́tò ti gbé e já sí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ẹja tí ẹ̀rù ń bà kì í sì í ní àwọ̀. Á funfun bí ẹ̀kọ. Ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á parẹ́, lẹ́bẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara, akọ á sì jọ abo. Ọmọ tuntun gan-an, ọjọ́ kẹjọ la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fún ẹja náà ní ọjọ́ mẹ́jọ tirẹ̀.

Iṣẹ́ bábà ni mò ń ṣe ní Ajílósùn. Táǹkì gíláàsì mẹ́rin ló wà lábẹ́ díńgí ńlá nínú ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú bẹ́ǹṣì táwọn oníbàárà ń jókòó sí kó tó kàn wọ́n. Bàbá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá gẹrun lọ́sẹ̀ méjì-méjì bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ò sí lórí bàbá mọ́. Ẹja ni wọ́n ń wá wò. Àwọn ni wọ́n ní kí n kọ nǹkan tí mò ń fẹnu sọ lójoojúmọ́ yìí sílẹ̀, torí ó ti sú wọn láti máa gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

Ìbátan ẹ̀pìyà tá a ń fi jẹ iyán làwọn ẹja tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kì í dàgbà ju ìka ọwọ́ lọ. Èmi ń pè wọ́n ní ẹ̀pìyà aràrá. Orúkọ ìwé wọn gùn, ó sì ń lọ́ ahọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ. Orúkọ tí ẹni tó ń tajà fi sí ara ọ̀rá lè yí padà láàárọ̀ ọ̀la bí owó bá ti yí padà.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló kọ́ mi lójú tí mo fi ń wo ẹja. Bí oníbàárà bá fi dáì pa irun rẹ̀ dúdú, tó tún wọ fìlà, tó bá ti jókòó sórí àga mi, mo ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú ni mò ń wò, bí ìpàkọ́ ṣe yọ, bí etí ṣe dúró. Dáì kò lè pa ìwọ̀nyẹn rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń wo ẹja. Ara ni mo kọ́kọ́ ń wò, ṣé ó ga ni àbí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ìrù, lẹ́yìn náà àwọn ìlà àti àmì dúdú. Àwọ̀ pupa, búlúù àti yẹ́lò tó ń fa owó jáde lápò èèyàn, ìyẹn ló kẹ́yìn pátápátá.

Kí ọjọ́ mẹ́jọ náà tó pé, ẹ bá ẹja náà tún ilé ṣe. Yanrìn ìsàlẹ̀ kó dúdú díẹ̀, torí lórí yanrìn funfun àwọ̀ wọn kì í jáde. Ẹ ju ewé fúrúùtù gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta sínú omi; omi á pọ́n bíi tíì, ara ẹja á sì balẹ̀. Ẹ da ìkòkò amọ̀ kékeré kan dojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ fọ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kó lè rí ibi sá sí. Tanwíjí ni mo fi ń bọ́ wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí ohun tó ń mú kí ẹja tẹ́ lẹ́bẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó oúnjẹ tó ń rìn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ ya fọ́tò. Mi ò ṣeré níbí. Ẹja kì í dúró, ojú wa sì máa ń rí ohun tá a fẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kó wà ní ẹ̀gbẹ́, kó má kọjú sí yín, kẹ́ ẹ pa iná fóònù, kẹ́ ẹ tan gílóòbù òkè táǹkì nìkan. Ogún fọ́tò ni mo máa ń yà kí n tó rí ọ̀kan tó dára. Ẹ wá fi ìka fẹ fọ́tò náà, kẹ́ ẹ jókòó tì í.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹja tí gbogbo ayé ń tà ní kribensis, tí wọ́n gé kúrú sí krib, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Láti ara Kribi lorúkọ náà ti wá, ìlú kan létí òkun ní Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n èyí tó kún inú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ orúkọ yẹn kì í ṣe ti Kribi. Pelvicachromis pulcher ni. Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja kan, ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1901, odò ìhà gúúsù Nàìjíríà sì ni ilé rẹ̀: Ethiope lápá Sapele, àtàwọn omi Niger Delta. Ó máa ń dùn mí díẹ̀. A bímọ sílé wa, orúkọ ìlú ẹlòmíì ló ń jẹ́ káàkiri ayé.

Kribensis tòótọ́ wà, Pelvicachromis kribensis, ti Kamẹrúùnù. Fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ka òun àti Pelvicachromis taeniatus ti Nàìjíríà mọ́ ẹja kan ṣoṣo. Ọdún 2014 ni wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ìwé tàbí àwòrán tó pẹ́ bá ní taeniatus láti Kamẹrúùnù lòun fi hàn yín, kribensis tòní lẹ ń wò. Ìyẹn nìkan ti fa àríyànjiyàn tó pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Pulcher àti taeniatus ló ń da èèyàn rú jù níbí, torí àwọn méjèèjì jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìlà dúdú gba àárín ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì kọjá. Abo àwọn méjèèjì ní ikùn tó pupa bíi zóbò nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Akọ méjèèjì gùn ju abo lọ, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti lẹ́bẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, nígbà tí tàwọn abo rọra yí róbótó. Akọ pulcher lè tó sẹ̀ǹtímítà 10. Abo máa ń dúró sí nǹkan bíi 7 tàbí 8.

Ara lẹ máa kọ́kọ́ wò. Pulcher ga láti ẹ̀yìn dé ikùn, ó rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Taeniatus tẹ́ẹ́rẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ẹ ò ní béèrè mọ́, ṣùgbọ́n olùtajà kì í gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún yín. Ẹ wá wo ìpẹ́ akọ. Lára akọ taeniatus, etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan dúdú, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wá rí bí ojú àwọ̀n. Pulcher kò ní àwọ̀n yẹn. Ìlà gbọọrọ ló ń gba ojú lára tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrù akọ. Ìdajì òkè ìrù taeniatus máa ń yẹ́lò, pẹ̀lú àmì dúdú wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, ìdajì ìsàlẹ̀ á sì yàtọ̀ sí i bí ẹni pé wọ́n rán aṣọ méjì pọ̀. Ti pulcher, bí àmì bá wà níbẹ̀, ó máa ń tóbi, pẹ̀lú òrùka yẹ́lò yí i ká, ní apá òkè ìrù.

Mo ní *bí àmì bá wà*. Ẹ má ka iye àmì náà kẹ́ ẹ sì fi pe orúkọ ẹja. Mo ti tọ́ ọmọ pulcher láti inú ẹyin kan náà, ìyá kan, bàbá kan: ọ̀kan ní àmì mẹ́ta nírù, èkejì ní ọ̀kan, ẹ̀kẹta kò ní rárá. Àwọn kan á máa bá yín jà pé èyí tó ní mẹ́ta ni ojúlówó. Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ara gíga àti ara tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, owó ni mo fi kọ́ ọ. Ẹnìkan tó ń ta ẹja tà tọkọtaya taeniatus kan fún mi ní ₦8,000. Akọ jẹ́ taeniatus lóòótọ́, àwọ̀n wà lára rẹ̀, ìrù rẹ̀ dára. Abo pupa níkùn, mo dúpẹ́, mo gbé e lọ sílé. Oṣù mẹ́ta, wọn ò wọ ìkòkò kan náà. Akọ ń lé e káàkiri títí lẹ́bẹ́ rẹ̀ fi ya. Ọmọṣẹ́ mi ló gbé fọ́tò àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí fóònù, ó ní, "Ọ̀gá, ìyàwó yìí sanra ju ìdílé ọkọ lọ." Pulcher ni abo náà. Ikùn pupa ló tàn mí jẹ, ọdún karùn-ún nìyẹn tí mo ti ń sin ẹja.

Nítorí náà, láàárín àwọn Pelvicachromis, ẹ wo abo dáadáa ju akọ lọ. Òun ló máa ń ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà tó bá fẹ́ fa ọkọ mọ́ra, ara rẹ̀ náà sì ni irú kọ̀ọ̀kan ti máa ń fi àṣà tirẹ̀ hàn. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni ti Pelvicachromis subocellatus, tó ń ti Gabon àti Kóńgò wá. Bí abo rẹ̀ bá ń jó níwájú akọ, iwájú ara rẹ̀ á dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, ikùn pupa á wá wà láàárín dúdú méjì. Pulcher kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní ṣì í mú mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn kó tó fi hàn, ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ dúró.

Bẹ́ ẹ bá lọ rà tí gbogbo ẹja inú táǹkì jẹ́ akọ, tàbí tí gbogbo wọn jẹ́ abo, kì í ṣe èèdì. Lára pulcher, bí omi ṣe kan tó nígbà tí ọmọ ṣì kéré wà lára ohun tó ń pinnu iye akọ àti abo: omi tó bá kan máa ń mú akọ pọ̀ sí i.

Ẹni tó ń sin ẹja l'Ékìtì tún ní wàhálà kan tí ẹni tó ń sin ín ní Jámánì kò ní. Wàhálà náà ni ẹja tí ọmọdé gbé wá láti odò. Ọmọ àdúgbò wa kan gbé mẹ́ta wá nínú ìgò omi, ó ní lójú ọ̀nà Ìjàn lòun ti mú wọn. Wọn ò gùn ju èékánná méjì lọ, ara wọn ń dán, dúdú wà ní ẹ̀gbẹ́. Mo ní krib ni. Mo fún ọmọ náà ní ₦500, mo da ẹja sínú táǹkì kejì. Lóṣù kejì, ẹja wẹ́wẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo fura sí ológbò. Mo tilẹ̀ fura sí ọmọṣẹ́ mi, Ọlọ́run ó dárí jì mí. Ìgbà tí mo rí ìrù ẹja kan tó yọ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn ni ojú mi là.

Hemichromis fasciatus ni. Apẹran ni. Ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ̀pìyà ni, ṣùgbọ́n aràrá kọ́. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀ láti kékeré. Ẹnu pulcher kéré, ó dàbí ẹni tó fẹ́ súfèé. Ẹnu fasciatus gba gbogbo iwájú orí rẹ̀, ó sì gùn lọ sẹ́yìn. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́: dípò ìlà gbọọrọ kan, àmì dúdú márùn-ún ló tò tẹ̀ lé ara wọn láti orí dé ìrù. Bí ẹ̀rù bá bà á, àmì náà lè rá, àwọn kan sì lè so pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ìlà ni. Àbúrò rẹ̀ kan wà, Hemichromis bimaculatus, tó kéré sí i, tó sì máa ń pọ́n wẹ́ẹ́. Tirẹ̀, àmì dúdú kan wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tó ti ń mí, ọ̀kan láàárín ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn ní ìdí ìrù. Èyí náà kì í ṣe ẹja àlàáfíà, pàápàá tó bá ní ọmọ.

Ẹ tún lè pàdé Chromidotilapia guentheri láti odò. Imú rẹ̀ gùn, iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni kó máa bu yanrìn sẹ́nu kó sì máa tu ú jáde. Lára rẹ̀, akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ẹyin náà yóò fi pa. Bẹ́ ẹ bá rí bàbá tí kò jẹun, tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó kù àwọn ará Amẹ́ríkà Gúúsù. Apistogramma ni orúkọ ìdílé wọn, wọ́n lé ní 90 irú, ẹni tó bá ní òun mọ gbogbo wọn, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta péré ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa déédéé. Dídá akọ wọn mọ̀ kò ní ìjà nínú. Apistogramma cacatuoides gbé egungun iwájú lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn sókè bí ogbe àkùkọ, ìrù rẹ̀ pín sí ṣóńṣó méjì bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ètè rẹ̀ sì nípọn. Apistogramma agassizii kò ní ogbe. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ geere, ìrù rẹ̀ ṣe ṣóńṣó kan ṣoṣo láàárín bí ẹnu ọ̀kọ̀. Apistogramma borellii kúrú, ó ga lára, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró bí ìgbòkun, ìrù rẹ̀ sì rí róbótó, kò ní ṣóńṣó kankan. Borellii yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń fara da omi tútù. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Èkìtì láàárín òkè, tó sì mọ bí iná ṣe ń lọ níbí, á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́ rárá níbí. Cacatuoides tí ìrù rẹ̀ pupa bí iná, àwọn èèyàn ló yan àwọn òbí rẹ̀ láti ìran dé ìran títí tó fi pupa bẹ́ẹ̀. Ti inú odò kì í tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ìrù fi hàn yín ẹni tó sìn ín. Àwòrán ìrù ló fi irú ẹja tó jẹ́ hàn.

Lára abo ni iṣẹ́ wà. Bí abo Apistogramma bá ti ní ẹyin, yẹ́lò ló máa dà, yẹ́lò bí ọsàn tó pọ́n, pẹ̀lú dúdú díẹ̀díẹ̀. Cacatuoides, agassizii, borellii, gbogbo wọn ló ń wọ aṣọ ẹbí kan náà. Mo ti rí ẹni tó ra abo mẹ́fà tó yẹ́lò, tó rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Irú mẹ́ta ni. Ẹ wò wọ́n nígbà tí wọn ò lẹ́yin, tí ara wọn balẹ̀. Ìlà àárín ẹ̀gbẹ́ agassizii kì í dúró ní ìdí ìrù, ó ń wọ inú ìrù lọ. Ti cacatuoides, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn: ìlà tín-ín-rín méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀ tó ń bá a rìn. Ẹ fẹ fọ́tò kẹ́ ẹ tó rí i. Borellii, ara kúkúrú rẹ̀ ti tú u fó. Ọmọ Èkìtì tó lè fojú lásán mọ iyán ewùrà yàtọ̀ sí iyán iṣu gidi kò ní rí èyí bí òkè ìṣòro.

Èyí tí wọ́n ń tà ní ẹja labalábá kò ṣòro dá mọ̀. Irú méjì ló wà. Mikrogeophagus ramirezi wá láti Venezuela àti Kòlóńbíà, ó kéré, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, àmì búlúù wẹ́wẹ́ sì fọ́n ká gbogbo ara rẹ̀. Mikrogeophagus altispinosus jẹ́ ti Bolivia àti Brazil, ó tóbi jù ú lọ, kò ní búlúù tó ń tàn yẹn, igun òkè àti ìsàlẹ̀ ìrù rẹ̀ sì gùn jáde, ó pupa létí. Fún akọ àti abo ramirezi, ẹ lọ sí àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí àmì búlúù wẹ́wẹ́ bá wà *nínú* dúdú náà, tí ikùn sì pọ́n díẹ̀, abo ni. Ramirezi ń fẹ́ omi gbígbóná, 27°C sókè. Mo pàdánù méjìlá nínú ọyẹ́ ọdún kan kí n tó gbà.

Bẹ́ ẹ bá ti dá wọn mọ̀ tán, ẹ lẹ orúkọ mọ́ táǹkì lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á àti ibi tó ti wá, kẹ́ ẹ sì má da irú méjì tó jọra sínú omi kan, torí wọ́n lè bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Táǹkì kẹrin mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ní abo Pelvicachromis kan tí mo rà lóṣù tó kọjá. Ara rẹ̀ kò ga, kò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá tíṣà ní pulcher ni. Ọmọṣẹ́ mi ní taeniatus ni. Mo ti lẹ pépà mọ́ gíláàsì rẹ̀, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ." Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé.